A KÌ Í FI OJÚ OLÓJÚ ṢÒWÒ: Bí a ṣe ń yẹ kámẹ́rà fóònù olówó ńlá wò kí a tó sanwó

  

Ọ̀rọ̀ kan délẹ̀ láàárín wa tí a rò pé ó yẹ kí gbogbo ọlọ́jà gbọ́. Ọ̀kan nínú wa tó ń ta léèsì ló ta aṣọ ẹbí fún oníbàárà kan tó wà ní London. Orí WhatsApp ni wọ́n ti ná an. Ìyá náà ya léèsì, ó fi ránṣẹ́, oníbàárà ní òun fẹ́ ẹ, ó sanwó, ẹrù sì lọ. Ẹrù débẹ̀ tán ni ariwo bá ta: "Mọ́mì, èyí kọ́ ni mo rà o! Wáìnì ni mo rí nínú fọ́tò, pupa rúsúrúsú lẹ fi ránṣẹ́." Wọ́n sì ti dá ọjọ́ ìnáwó. Èèyàn 40 ló máa wọ aṣọ náà. Ọ̀rọ̀ bá di "ẹ dá owó mi padà."

Ohun tó dun ìyá náà jù ni pé fóònù tuntun ló fi ya fọ́tò yẹn. Owó àjọ tó kó ló fi rà á. Ẹni tó tà á fún un ló búra pé kámẹ́rà inú rẹ̀ ni ọ̀gá gbogbo kámẹ́rà. A kò ní dárúkọ fóònù náà, nítorí ohun tó ṣe é yìí, kò sí fóònù tí kò lè ṣe.

Àwa mélòó kan mú fóònù náà àti èyí tó ṣẹ́kù nínú léèsì náà, a lọ dúró síta gbangba lọ́sàn-án, a yà á. Lẹ́yìn náà a padà sínú ìsọ̀ rẹ̀, lábẹ́ tapólì búlúù tí gbogbo wa mọ̀ yẹn, a tún yà á. Fọ́tò méjèèjì ò jọra rárá! Ti ìta jẹ́ pupa rúsúrúsú, ti abẹ́ tapólì di wáìnì. Bẹ́ẹ̀, aṣọ kan náà ni, fóònù kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló yà á.

Ìgbà yẹn la rántí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà pé a kì í fi ojú olójú ṣòwò ká jèrè. Láyé tí a wà yìí, ojú kámẹ́rà ni oníbàárà fi ń wo ọjà wa. Tí ojú yẹn bá purọ́, àwa ni wọ́n máa pè ní òpùrọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní ká la ọ̀rọ̀ kámẹ́rà yìí yé ara wa, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi owó ọjà ra ariwo.

IYE MEGAPIXEL KỌ́ NI DÍDÁRA

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹni tó ń ta fóònù máa pè sí yín létí ni megapixel. Kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àmì tínńtín-tínńtín ni wọ́n tò pọ̀ tó di àwòrán, bí ìgbà tí a bá to ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ sára aṣọ ìyàwó. Megapixel kan jẹ́ mílíọ̀nù kan irú àmì bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Kyocera gbé fóònù oníkámẹ́rà tí wọ́n ń pè ní VP-210 jáde ní ilẹ̀ Japan lọ́dún 1999, àmì 110,000 péré ni kámẹ́rà rẹ̀ ní. Samsung Galaxy S24 Ultra tó jáde lọ́dún 2024 ní mílíọ̀nù 200.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o. Tí ẹ bá fi S24 Ultra yìí ya fọ́tò láìyí nǹkan kan padà, mílíọ̀nù 12 ló máa fún yín, kì í ṣe 200. iPhone 15 Pro tó jáde lọ́dún 2023, mílíọ̀nù 48 ni wọ́n kọ sí i lára, 24 ló sì sábà máa ń fúnni. Wọn ò rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ. Ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀ ni. Ẹ fi wé òjò. Tí a bá to ife kéékèèké 16 síta nígbà tí òjò wẹ́ẹ́rẹ́ ń rọ̀, ohun tó máa wà nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan ò ní tó ta ọ̀nà ọ̀fun. Ṣùgbọ́n tí a bá da gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ kan, a ó rí nǹkan mu. Bí fóònù náà ṣe ń ṣe nìyẹn: ó ń kó àmì 16 pọ̀ di ẹyọ kan, kí ìmọ́lẹ̀ lè tó.

Nítorí náà, ohun tó yẹ kí ẹ béèrè ju megapixel lọ ni bí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú kámẹ́rà náà ṣe tóbi tó. Sensor ni wọ́n ń pè é. Wọ́n máa ń kọ ọ́ báyìí: 1/1.3 tàbí 1/2.5. Bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ bá ṣe kéré tó ni sensor náà ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà kejì ni ti ẹnu tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Wọ́n ń kọ f sí iwájú rẹ̀. Èyí náà, bó bá ṣe kéré tó ni ẹnu ọ̀hún ṣe fẹ̀ tó. f/1.7 fẹ̀ ju f/2.4 lọ. Ẹni tí ìsọ̀ rẹ̀ ṣókùnkùn, nọ́ńbà méjì yìí ló máa jẹ́ tirẹ̀, kì í ṣe 200.

Ẹ MÁ RA ÀGBÀDO INÚ ÌGÒ

Àgbàdo inú ìgò, àwòmọ́jú ni fún adìyẹ. Fóònù tó wà nínú gíláàsì náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Yálà Computer Village n'Íkẹjà lẹ ti fẹ́ rà á ni o, yálà lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò, ẹ ní kí wọ́n gbé e lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n sì tàn án. Ẹni tó bá ní ẹ ò lè dán an wò, ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ kó nǹkan wọ̀nyí dání: aṣọ funfun kan, aṣọ dúdú kan, aṣọ kan tí àwọ̀ rẹ̀ máa ń dá wàhálà sílẹ̀ (wáìnì, elésè àlùkò, tàbí àdìrẹ aláró), bébà funfun kan, àti fóònù yín àtijọ́. Tí àbúrò tàbí ọmọ kan bá lè bá yín lọ, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ tó rọ̀ nu ojú kámẹ́rà kí ẹ tó yà á. Òróró ìka nìkan tó láti mú kí fọ́tò ṣe bàìbàì, ọ̀pọ̀ ló sì ti pààrọ̀ fóònù nítorí ohun tí etí ìró lè nù kúrò.

ÀWỌ̀ NI ỌJÀ WA

Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe àwọ̀ kan náà. Ti ìrọ̀lẹ́ máa ń pọ́n. Ti gílóòbù àtijọ́ pọ́n bí epo. Iná funfun òde òní lè fara jọ búlúù. Tí ìmọ́lẹ̀ bá sì gba inú tapólì búlúù kọjá, gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló máa gba búlúù díẹ̀. Ojú àwa èèyàn máa ń tún un ṣe fúnra rẹ̀, a kì í tilẹ̀ mọ̀. Fóònù ńkọ́? Ó ń méfò ni. Á wo ohun tó wà níwájú rẹ̀, á rò ó pé báyìí ni ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣe rí, á wá tún àwọ̀ ṣe. White balance ni wọ́n ń pè é. Nígbà mìíràn á gbà á, nígbà mìíràn á ṣì í. Tí aṣọ pupa bá kún inú fọ́tò láìsí nǹkan mìíràn, ó lè rò pé ìmọ́lẹ̀ ló pọ́n, á wá pa lára pupa aṣọ yín.

Bí a ṣe ń dán an wò rèé. Ẹ tẹ́ aṣọ oníwàhálà yẹn, ẹ fi bébà funfun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ ya méjèèjì pọ̀. Ẹ yà á nínú ṣọ́ọ̀bù lábẹ́ iná, ẹ tún yà á lẹ́nu ọ̀nà. Tí bébà bá funfun nínú fọ́tò, ẹ lè gba àwọ̀ aṣọ gbọ́. Tí bébà bá pọ́n tàbí tó dà bí búlúù, àwọ̀ aṣọ náà ti yẹ̀ nìyẹn. Kámẹ́rà tó mọ iṣẹ́ ni èyí tí fọ́tò inú ilé rẹ̀ kò jìnnà sí ti ìta.

Ẹ má fi sikirínì fóònù tuntun náà nìkan ṣèdájọ́ o. Sikirínì òmíràn máa ń kun àwọ̀ lẹ́wà ju bó ṣe rí lọ. Lórí Samsung olówó ńlá, ètò méjì ló wà níbẹ̀, Vivid àti Natural. Vivid ló ń mú gbogbo nǹkan tàn yòò. Lórí iPhone, True Tone àti Night Shift máa ń yí àwọ̀ sikirínì padà. Torí náà, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí fóònù yín àtijọ́, kí ẹ gbé aṣọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ wò ó. Irú ohun tí oníbàárà máa rí nìyẹn.

Aṣọ funfun àti dúdú wá kù. Fóònù fẹ́ràn kí nǹkan má mọ́lẹ̀ jù, kó má sì ṣókùnkùn jù. Tí aṣọ funfun bá kún inú fọ́tò, ó lè di aláwọ̀ eérú. Tí dúdú ló bá kún ún, òun náà lè di eérú. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, tí ẹ bá fi ìka tẹ aṣọ náà lórí sikirínì, àmì oòrùn kékeré kan á yọ. Ẹ fà á sókè fún funfun, ẹ fà á sísàlẹ̀ fún dúdú. Ẹ wò ó bóyá iṣẹ́ ọwọ́ léèsì funfun náà ṣì ń hàn, àbí ó ti di ògiri tí wọ́n fi ẹfun kùn.

ARA DÚDÚ ŃKỌ́?

Àwa tí a ya fọ́tò láyé fíìmù rántí bó ṣe máa ń rí. Ẹni tó bá dúdú nínú wa, eyín àti ẹyinjú nìkan ló máa ń hàn. Kì í ṣe ẹ̀bi ayàwòrán nìkan. Ilé-iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ní káàdì kan tí àwọn tó ń fọ fọ́tò fi ń wọn àwọ̀. Àwòrán obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀, Shirley ni wọ́n sì ń pe káàdì náà. Ara òyìnbó yẹn ni òṣùwọ̀n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ara tiwa kò sí nínú ìṣirò.

Nǹkan ti ń yí padà. Lọ́dún 2021, nígbà tí Google gbé Pixel 6 jáde, wọ́n fi ohun tí wọ́n pè ní Real Tone sí i, kí kámẹ́rà lè ya ara dúdú bó ṣe rí. Tecno náà máa ń polówó Camon wọn pé ó mọ ara wa yà. Ṣùgbọ́n ojú ọbẹ̀ la ti ń mọ àìsí epo. Ẹ ní kí ẹni tó dúdú àti ẹni tó pupa dúró pọ̀, ẹ yà wọ́n. Ẹ tún ní kí wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, kí ìmọ́lẹ̀ wà lẹ́yìn wọn. Ṣé ojú méjèèjì hàn? Ṣé ẹni dúdú ò di eérú? Ṣé wọn ò ti bó o di apọ́nbéporẹ́? Ẹ pa ètò tó ń mú ara dán kí ẹ tó yà á. Ẹni tó ń ta gèlè, ìlẹ̀kẹ̀ tàbí àtíkè gbọ́dọ̀ mọ èyí, torí ara èèyàn ni ọjà rẹ̀ wà.

OJÚ MẸ́TA, OJÚ MẸ́RIN

Ojú tó pọ̀ lẹ́yìn fóònù máa ń wuni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Ojú gangan ni ti iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ojú fífẹ̀, tí wọ́n kọ 0.5 tàbí 0.6 sí, ń gba gbogbo ìsọ̀ sínú fọ́tò kan, ṣùgbọ́n ó máa ń na ohun tó wà létí. Ẹ má fi ya aṣọ tàbí èèyàn tó dúró létí, kí aláwòrán má baà sanra láìjẹun. Ojú ọ̀nà jíjìn ni ẹ̀kẹta.

Ibi ọ̀nà jíjìn yìí ni wọ́n ti ń tan èèyàn. S24 Ultra ní ojú tó ń fa nǹkan mọ́ra nígbà 3, àti òmíràn nígbà 5. Gíláàsì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n sikirínì rẹ̀ á gbé yín dé ìgbà 100. Ìyókù yẹn, gígé ni wọ́n gé fọ́tò náà, tí fóònù sì ń fi ìṣirò dí ihò. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ẹ ya pátákó tó wà lódì kejì títì ní 1, 3, 5 àti 10. Ibi tí lẹ́tà ti bẹ̀rẹ̀ sí yọ́ bí òrí inú oòrùn, ibẹ̀ ni agbára rẹ̀ pin sí. Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọn fóònù tó to ojú mẹ́rin sẹ́yìn, tí ojú kan tàbí méjì níbẹ̀ sì jẹ́ megapixel 2 péré. Ọ̀ṣọ́ lásán ni.

Ohun tó wà nítòsí ńkọ́? Ẹ gbé fóònù súnmọ́ òkúta ara léèsì tàbí ìrísí òwú aṣọ òkè. Láti orí iPhone 13 Pro ọdún 2021, iPhone Pro ń lo ojú fífẹ̀ láti ya nǹkan tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 2 lọ sí i. Fóònù tí sensor rẹ̀ tóbi gan-an kì í sábà ríran nítòsí. Tí tiyín bá ń ṣe bàìbàì, ẹ sún sẹ́yìn díẹ̀, kí ẹ lo 2.

Nínú òkùnkùn, night mode á ya fọ́tò púpọ̀ léraléra, á sì pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan. Ó dára fún aṣọ tó wà ní ìdúró. Ṣùgbọ́n ẹ ní kí ọmọ yín rìn kọjá, kí ẹ yà á nínú ilé. Tí ó bá di òjìji, ẹ mọ̀ pé fóònù náà ò lè ya ẹni tó ń jó lóde ìnáwó. Ní ti fídíò, ẹ máa rìn bí ẹ ṣe ń yà á, kí ẹ wò ó bóyá ó ń gbọ̀n, kí ẹ sì gbọ́ bóyá ohùn yín yọ nínú ariwo. 4K dára, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú kan rẹ̀ lè ju 150MB lọ. Dátà ta ni?

ONÍBODÈ TÓ WÀ LỌ́NÀ

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ya ọ̀pọ̀ nínú wa lẹ́nu. Fọ́tò tí ẹ fi owó ńlá yà, WhatsApp ni oníbodè tó ń gba owó ẹrù lórí rẹ̀. Tí ẹ bá fi í ránṣẹ́ lásán, WhatsApp á fún un pọ̀ kó lè fúyẹ́. Ohun tó sábà máa ń dé ọwọ́ oníbàárà ò ju nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 lọ nínú gbogbo mílíọ̀nù tí ẹ sanwó fún. Láti oṣù kẹjọ ọdún 2023, wọ́n ti fi HD sí i. Ẹ tẹ HD kí ẹ tó fi ránṣẹ́, á sàn díẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ kó dé bó ṣe rí gan-an, ẹ fi ránṣẹ́ bíi Document, kì í ṣe bíi fọ́tò.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé, ẹni tó jẹ́ WhatsApp nìkan ló ń lo fọ́tò rẹ̀ fún, kò ní láti ra èyí tó jáde láná. Fóònù ọ̀gá tó jáde ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn ṣì ń ya ju ohun tí oníbodè máa jẹ́ kó kọjá lọ. Ẹni tó ń tẹ fọ́tò sórí pátákó ńlá tàbí tó ń ṣe ìwé àwòrán ọjà ló nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

TÒKUNBỌ̀

Ọ̀pọ̀ wa, tòkunbọ̀ la ń rà, kò sì sí àbùkù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tan ojú kámẹ́rà wò bóyá ó ti họ, tàbí bóyá ìkùukùu wà nínú rẹ̀. Ẹ ya bébà funfun láti ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá àmì dúdú wà níbì kan. Lórí iPhone 12 sókè, ẹ lọ sí Settings, General, About. Tí wọ́n bá ti pààrọ̀ kámẹ́rà rẹ̀, ó lè hàn níbẹ̀. Tí ẹ bá rí Unknown Part, ẹ bi wọ́n léèrè. Ẹ tẹ *#06#, kí ẹ fi nọ́ńbà tó bá jáde wé ti ara páálí rẹ̀.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ÌYÁ NÁÀ ṢE PARÍ

Àwọn àgbà ẹgbẹ́ bá wa dá sí i. A fi fọ́tò méjèèjì àti bébà funfun ránṣẹ́ sí oníbàárà náà, ó rí i pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rẹ́ òun jẹ. Ó gba aṣọ náà, ìyá wa sì dá lára owó padà fún un. Gbogbo èrè ọjà yẹn ló bá a lọ. Kò ta fóònù náà. Ó kàn ń ya gbogbo aṣọ rẹ̀ síta láàárọ̀ báyìí, níbi tí tapólì ò dé, pẹ̀lú bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sì ń kọ ọ́ sábẹ́ fọ́tò pé: "Pupa rúsúrúsú ni o, kì í ṣe wáìnì." Kò tíì sí ẹni tó dá aṣọ padà láti ìgbà náà.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kò sí fóònù tó gbọ́n ju ẹni tó mọ ọjà rẹ̀ lọ. Ẹ fi ojú ara yín wo aṣọ, kí ẹ tó fi ojú kámẹ́rà hàn án fún oníbàárà. Ẹni tí fóònù tirẹ̀ bá ń dà á láàmú, kó gbé e wá sí ìpàdé, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọjà á tà, a ò ní tà á sí gbèsè. Àṣẹ.